Ta ló pọn ẹmu? Ìwúkàrà, bakitéríà àti kèrègbè tí a kì í fọ̀ tán



Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà ní Mayfair níbí, mò ń ra ọsàn lọ́wọ́ ìyá kan, ni mo bá gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi: "Prof, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà." Kí n tó yíjú, ó ti dọ̀bálẹ̀ láàárín ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni, ó ti lé lógún ọdún tó jókòó ní kíláàsì mi. Mo ní kó tètè dìde kí wọ́n má gùn ún mọ́lẹ̀.

Ó ní òun ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, wáìnì èso lòun ń ṣe báyìí. Àgàdàgídì tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà pọn ló fẹ́ sọ di ohun tí èèyàn lè rà nínú ìgò.

"Prof, nígbà àkọ́kọ́, ìwúkàrà inú sásẹ́ẹ̀tì nìkan ni mo lò, bí wọ́n ṣe ń kọ́ni lórí YouTube. Ó mọ́ lójú, ó sì ń pa èèyàn díẹ̀, àmọ́ kò jọ ti Ìyá Àgbà rárá. Kò ní ẹ̀mí."

"Ìgbà kejì ńkọ́?"

"Mo bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu sí i, mo rò ó pọ̀ mọ́ ìwúkàrà. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, áà, ó dùn! Ni mo bá rọ ọ́ sínú ìgò. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ìgò mọ́kànlá ti bẹ́, èyí tó kù ti di ọtí kíkan. Owó èsúsú ìyàwó mi ni mo fi ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, sà. Ṣé ó yẹ kí èèyàn pa ìwúkàrà pọ̀ mọ́ bakitéríà ni, àbí kí n lé bakitéríà jáde pátápátá?"

Mo ní, "Ìtàn ni mo kọ́ ẹ, mi ò kọ́ ẹ ní ọtí pípọn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún wa pé kò sóhun tí kò ní ìtàn."

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló fi dè mí. Èyí ni ìdáhùn tí mo ṣèlérí fún un. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀: èrò pé ìwúkàrà nìkan ló ń ṣe ọtí, tí bakitéríà sì ń bà á jẹ́, ní ọjọ́ orí, ó sì ní ìlú tí wọ́n bí i sí. Kì í ṣe ìlú tiwa. Ẹni tó bá fẹ́ pọn ọtí àwọn ìyá wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí èrò náà ti wá.

Kèrègbè adẹ́mu

Ní Ilé-Ifẹ̀, a ò lè sọ̀rọ̀ ọtí ká má dárúkọ Ọbàtálá. Gbogbo wa la gbọ́ ọ nílé: Olódùmarè rán an kó wá dá ilẹ̀ ayé, ó mu ẹmu lójú ọ̀nà, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Títí dòní, àwọn olùsìn Ọbàtálá kì í fẹnu kan ẹmu. Ògún ní tirẹ̀, ẹmu ni wọ́n ń gbé síwájú rẹ̀. Ìtàn yìí fi hàn pé nínú ọkàn àwọn baba wa, ẹmu ti dàgbà ju ilẹ̀ tí a tẹ̀ lọ. Ta ló wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ẹ wo adẹ́mu níbi iṣẹ́. Ó fi igbà kọ́ ìbàdí, ó gun ọ̀pẹ, ó fi ọ̀bẹ ṣí ibi tí òdòdó akọ ti ń yọ, ó fi ọ̀pá tóóró darí omi tó ń jáde sínú kèrègbè. Omi yẹn dùn bí omi ṣúgà: bí a bá gbé ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, nǹkan bíi mẹ́wàá sí méjìlá ló jẹ́ ṣúgà. Kò sì kan rárá. Lórí òṣùwọ̀n kíkan tí wọ́n ń pè ní pH, níbi tí omi lásán ti wà ní 7, tí nǹkan sì ń kan sí i bí nọ́ḿbà ṣe ń lọ sílẹ̀, omi ọ̀pẹ tútù kò jìnnà sí 7.

Adẹ́mu kì í fi nǹkan kan sí i. Kò ra ìwúkàrà rí. Síbẹ̀, kó tó sọ kèrègbè kalẹ̀, omi náà ti ń hó. Àṣírí rẹ̀ wà lára ihò tó gbẹ́, lára eṣinṣin àti oyin tó ń bà síbẹ̀, àti pàápàá jù lọ nínú kèrègbè tí kì í fọ̀ tán. Ó máa ń ṣan án, àmọ́ kì í fọ̀ ọ́ débi tí òórùn àná á fi kúrò. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ díẹ̀ tó kù sí ìsàlẹ̀ ni irúgbìn ẹmu ọ̀la. Bí ẹ bá fún adẹ́mu ní kèrègbè tuntun tó mọ́ nigín-nigín, á sọ fún yín pé ẹmu àkọ́kọ́ inú rẹ̀ kì í tètè "ji."

Nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn, èrò pọ̀. Ìwúkàrà wà níbẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní *Saccharomyces cerevisiae*, ọ̀kan náà tó ń wú búrẹ́dì. Abájọ tí àwọn aṣebúrẹ́dì láyé àtijọ́ ní etíkun wa fi máa ń fi ẹmu po ìyẹ̀fun. Àwọn bakitéríà tó ń sọ ṣúgà di kíkan wà níbẹ̀, irú *Lactobacillus* àti *Leuconostoc*, ìbátan àwọn tó ń kan ògì wa. Àwọn tó ń sọ ọtí di ọtí kíkan náà wà níbẹ̀, àwọn *Acetobacter*. Bakitéríà kan sì tún wà tó ń ṣe ọtí fúnra rẹ̀ bí ìwúkàrà: *Zymomonas mobilis*. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn. Òun ni mo tìtorí rẹ̀ kọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí.

Bí iṣẹ́ wọn ṣe ń lọ nìyí. Àwọn bakitéríà tó ń kan nǹkan ló ń kọ́kọ́ sáré. Wọ́n á fa pH wálẹ̀ láti 7 sí nǹkan bíi 4. Kíkan yẹn á lé ọ̀pọ̀ kòkòrò búburú sá, àmọ́ kò ṣe ìwúkàrà ní nǹkan kan, ó tilẹ̀ bá a lára mu. Ìwúkàrà àti *Zymomonas* á wá gba ojú agbo, wọ́n á sọ ṣúgà di ọtí àti gáàsì. Láàárín ọjọ́ kan, ọtí inú rẹ̀ á ti tó nǹkan bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ọjọ́ kejì àti ìkẹta bá dé tí afẹ́fẹ́ sì ń wọlé, àwọn *Acetobacter* á gba ipò, ẹmu á di kíkan tí àwọn arúgbó nìkan lè mu.

Ẹ rí i pé iṣẹ́ àjọṣe ni. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bakitéríà tún ilé ṣe, ìwúkàrà wọ ibẹ̀ gbé; nígbà tí ìwúkàrà bá ń kú, èròjà ara rẹ̀ di oúnjẹ fún bakitéríà. Adẹ́mu kò mọ orúkọ ìkankan nínú wọn, àmọ́ ó mọ àkókò wọn. Ẹmu òwúrọ̀ wà fún ẹni tó fẹ́ ohun dídùn, tọ̀sán wà fún àlejò, tàná wà fún ẹni tó fẹ́ gbàgbé gbèsè.

Bí bakitéríà ṣe di ọ̀tá

Ẹ jẹ́ ká ré kọjá sí Yúróòpù díẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ìwé tí ọmọ wa yìí ń wò lórí YouTube.

Ní 1857, Louis Pasteur ará Faransé fi hàn pé kíkan wàrà jẹ́ iṣẹ́ ohun alààyè. Lẹ́yìn náà, Ọba Napoleon Kẹta ní kó wo ohun tó ń ba wáìnì Faransé jẹ́ kó tó dé ọjà òkèèrè. Èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé kan ní 1866. Ohun tó rí ni pé níbi tí wáìnì bá ti bàjẹ́, bakitéríà kan wà nídìí rẹ̀. Ó pe ìbàjẹ́ wọ̀nyẹn ní àìsàn wáìnì, ó sì ní kí wọ́n fi iná díẹ̀ yá wáìnì náà kí bakitéríà lè kú. Òtítọ́ ló sọ nípa wáìnì tó wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ pé ilé aláìsàn nìkan ló ń lọ, á rò pé gbogbo ayé ló ń ṣàìsàn.

Ní 1883, Emil Christian Hansen, tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù Carlsberg ní Copenhagen, mú èrò náà dé òpin rẹ̀. Bíà wọn ń bàjẹ́. Ó wá ọ̀nà láti yọ ẹyọ ìwúkàrà kan ṣoṣo sọ́tọ̀, ó tọ́ ọ títí ó fi di ẹgbàágbèje, ó sì fi òun nìkan pọn bíà. Carlsberg kò fi àṣírí yẹn pamọ́. Wọ́n fi ìwúkàrà náà ta àwọn apọntí mìíràn lọ́rẹ. Láti ìgbà náà ni ìmọ́tótó ti di òfin ilé-iṣẹ́ ọtí: ìwúkàrà kan, ìran kan, kò gbọdọ̀ sí àlejò.

Mi ò bú wọn o. Ẹni tó ń ṣe bíà ọ̀kẹ́ àìmọye ìgò, tó sì fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ní adùn kan náà, ìwúkàrà ẹyọ kan ni yóò gbà á là. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ọgbọ́n ilé-iṣẹ́ wá di òfin ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lẹ́nu àwọn èèyàn. Wọn ò sọ pé "àwa fẹ́ ẹyọ kan" mọ́, wọ́n ń sọ pé "ẹyọ kan ló ń ṣe ọtí."

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ẹni tó rí nǹkan mìíràn wà. Ní 1892, Harry Marshall Ward ṣe ìwádìí ohun kan tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń pọn ọtí atalẹ̀ nínú ilé. Ó dà bí ìrẹsì jíjẹrà, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn látilé délé, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ward tú u palẹ̀, ó rí i pé ìwúkàrà kan àti bakitéríà kan ló dì mọ́ra, wọ́n ń bọ́ ara wọn. Nígbà tó yà wọ́n, tó tún pa wọ́n pọ̀ padà, ohun náà tún hù bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ìyẹn ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tiwọn. Àwọn ìyá ilé ló ń tọ́jú ẹ̀, kì í ṣe ilé-iṣẹ́.

Kòkòrò kan, orúkọ méjì

Ìgbà yìí ni mo wá fẹ́ kẹ́ ẹ rántí *Zymomonas*.

Ní 1912, Barker àti Hillier, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Long Ashton nítòsí Bristol, kọ̀wé nípa àìsàn kan tó ń kọlu ọtí ápù. Ọtí náà á máa ru fòó, adùn rẹ̀ á pòórá, òórùn rẹ̀ á yí padà, ojú rẹ̀ á dà rú. Wọ́n rí bakitéríà tó ń fà á, wọ́n sì pè é ní kòkòrò àìsàn. Ohun tó gbàfiyèsí ni pé ọtí ápù tí kò kan tó ló máa ń kọlù jù. Ọtí tó kan dáadáa, kì í lè wọ̀ ọ́.

Ní nǹkan bí ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, ní 1924, Paul Lindner, ará Jámánì kan tó mọ̀ nípa ọtí, ń wádìí *pulque* ní Mẹ́síkò. *Pulque* jẹ́ ọtí tí wọ́n ń fa omi rẹ̀ láti inú igi agave. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é bá ẹmu wa mu gan-an: ihò, omi dídùn, ìkòkò tí irúgbìn àná wà nínú rẹ̀. Lindner rí bakitéríà kan tó ń sọ ṣúgà di ọtí kíákíá. Kò pè é ní àìsàn. Òṣìṣẹ́ ló pè é, torí ó rí i pé ó wà lára àwọn tó ń ṣe ọtí náà gan-an.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá tò wọ́n sábẹ́ orúkọ kan, wọ́n rí i pé ìdílé kan náà ni bakitéríà Bristol àti ti Mẹ́síkò. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn kọ sára ògiri: níbì kan, ó jẹ́ àìsàn, níbòmíràn, ó jẹ́ alágbàṣe. Kòkòrò náà kò yí padà. Ife tí wọ́n bù ú sí ló yàtọ̀, àti ohun tí onífe ń retí.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Omi ápù ti kan láti orí igi, ìwúkàrà sì fẹ́ràn ibẹ̀. *Zymomonas* níbẹ̀ jẹ́ àtọ̀húnrìnwá. Omi ọ̀pẹ àti omi agave kò kan níbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún bakitéríà. Ohun mìíràn tún wà: nínú ìwọ̀n ṣúgà kan náà, agbára tí *Zymomonas* ń rí fún ara rẹ̀ jẹ́ ìdajì èyí tí ìwúkàrà ń rí. Torí náà, ó gbọ́dọ̀ jẹ ṣúgà púpọ̀ kó tó lè dàgbà díẹ̀. Ara rẹ̀ kì í sanra, àmọ́ ọtí ń tọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti rí i nínú ẹmu ilẹ̀ Áfíríkà, òun sì wà lára ìdí tí ẹmu fi ń tètè le.

Nígbà tí ìgò dé

Ní Nàìjíríà, èrò Pasteur àti Hansen bá ìgò wọlé. Wọ́n dá Nigerian Breweries sílẹ̀ ní 1946, ìgò Star àkọ́kọ́ sì jáde ní Èkó ní 1949. Guinness dé Ìkẹjà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Bíà mọ́, ó tutù, ìgò kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Ẹmu wá di ọtí ará oko. Bí èèyàn bá ṣe ìgbéyàwó láyé ìgbà náà tí kò sí páálí bíà ní ẹsẹ̀ kan, wọ́n á ní kò tíì lajú.

Àwọn onímọ̀ tiwa kò kàn wò ó níran. Ní 1962, Olumbe Bassir tẹ ìwádìí kan jáde láti Ìbàdàn lórí bí ẹmu ṣe ń hó. Ní 1972, Nduka Okafor kọ̀wé lórí ìwúkàrà inú ẹmu ní oríṣiríṣi apá Nàìjíríà. Nígbà tó di 1975, ó tún kọ òmíràn, bakitéríà ló dojú kọ lọ́tẹ̀ yìí. Ní 1972 bákan náà, Faparusi àti Bassir gbé èèpo igi *Saccoglottis gabonensis* lọ sí láàbù. Èèpo yìí ni àwọn adẹ́mu kan máa ń jù sínú ẹmu kó lè korò díẹ̀, kó má sì tètè kan. Èyí ló dùn mọ́ mi jù. Ó fi hàn pé adẹ́mu kì í ṣe ẹni tó kàn ń wo ohun tí kòkòrò bá ṣe. Ó ní ìjánu lọ́wọ́, ó mọ ìgbà tó yẹ kó fà á.

Àmọ́ ọjà ní ìbéèrè tirẹ̀: báwo ni ẹmu á ṣe dé Èkó láìkan? Ilé ìwádìí FIIRO ní Oshodi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, àti NIFOR nítòsí Benin, wà lára àwọn tó wá ọ̀nà sí i. Ìdáhùn tó gbilẹ̀ jẹ́ ti Pasteur: sẹ́ ẹmu, rọ ọ́ sínú ìgò, fi omi gbígbóná yá a títí gbogbo ohun alààyè inú rẹ̀ á fi kú. Ìgò náà kì í bẹ́ mọ́, ẹmu kì í sì kan mọ́. Ó ṣiṣẹ́, mo sì ti mu ún. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó ti mu ẹmu lábẹ́ ọ̀pẹ mọ̀ pé èyí tó wà nínú ìgò yẹn dà bí fọ́tò èèyàn: ojú ni, ẹ̀mí kò sí níbẹ̀.

Ní ti àgàdàgídì, ìwé rẹ̀ kò pọ̀. Ní 1988, Sanni àti Oso tẹ ìwádìí kan jáde nípa bí wọ́n ṣe ń pọn ọ́n. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n rẹ́kọjá ni, wọ́n á bó o, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi nínú ìkòkò, wọ́n á bò ó fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ. Nínú ìkòkò náà, ìwúkàrà àti bakitéríà ni wọ́n bá, wọ́n jọ wà níbẹ̀. Nítorí náà, ìyá àgbà akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń pa méjèèjì pọ̀ kí a tó bí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kò kàn pè é ní nǹkan kan ni.

Ẹ̀rí láti inú oko kòkó

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ọmùtí ni gbogbo èyí, ẹ jẹ́ ká dé oko kòkó, torí òun ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé tí a ń gbé ní Ifẹ̀, òun ló sì rán àwọn kan nínú wa ní ilé-ìwé.

Nígbà tí àgbẹ̀ bá fọ́ pádi kòkó, ẹran funfun dídùn ló bo kóró. Wọ́n á kó o jọ, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí méje, wọ́n á máa yí i. Ọtí èso ni wọ́n ń pọn yẹn, bí wọn ò tilẹ̀ ní mu ún. Ìwúkàrà á sọ ṣúgà ẹran náà di ọtí, omi á máa ṣàn jáde. Bakitéríà tó ń kan nǹkan á darapọ̀. Bí wọ́n bá yí i tí afẹ́fẹ́ wọlé, àwọn *Acetobacter* á sọ ọtí di kíkan, iṣẹ́ wọn á sì mú òkìtì náà gbóná tó 45°C, nígbà mìíràn ó ń tó 50. Ooru àti kíkan yẹn ló ń pa ọlẹ̀ inú kóró. Ibẹ̀ ni ìpìlẹ̀ adùn ṣokoléètì ti bẹ̀rẹ̀.

Kòkó tí wọn ò bò dáadáa, bí wọ́n bá gé e sí méjì, inú rẹ̀ á rí bíi síléètì. Àwọn agbowó kòkó àti àwọn ayẹ̀kòkówò ìjọba mọ̀ ọ́n, owó rẹ̀ á sì já wálẹ̀. Ẹ rí i báyìí: *Acetobacter*, tí gbogbo apọntí ń bẹ̀rù, tó sọ ìgò ọmọ wa di ọtí kíkan, òun náà ló sọ kòkó di owó. Àwọn baba wa kò pa á, wọn ò sì fi í sílẹ̀ kó ṣe bó ṣe wù ú. Ọjọ́ ni wọ́n kà fún un.

Yúróòpù padà sẹ́yìn

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dùn sí nìyí. Àwọn oníwáìnì Yúróòpù fúnra wọn ti padà sọ́dọ̀ bakitéríà. Ní 1891, Hermann Müller-Thurgau, tó ń ṣiṣẹ́ ní Switzerland, ti sọ pé bakitéríà kan wà tó ń dín kíkan wáìnì kù. Ó pẹ́ kí ayé tó gbà á. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Émile Peynaud àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bordeaux kọ́ àwọn apọntí pé iṣẹ́ bakitéríà yìí kì í ṣe àìsàn, pé òun ló ń jẹ́ kí wáìnì pupa rọ̀ lọ́fun. Bakitéríà náà, tí wọ́n ń pè ní *Oenococcus oeni* lónìí, máa ń sọ kíkan líle tó wà nínú àjàrà àti ápù di kíkan tó rọ̀, irú èyí tó wà nínú wàrà kíkan. Wọ́n ń tà á nínú sásẹ́ẹ̀tì báyìí, gẹ́gẹ́ bí ìwúkàrà. Àríyànjiyàn wọn lónìí ni bóyá kí wọ́n dà á sínú omi èso lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ìwúkàrà, àbí kí wọ́n dúró kí ìwúkàrà ṣe tán.

Ìyẹn ni pé ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ mi bi mí ní Mayfair, òun náà ni wọ́n ń bi ara wọn ní Bordeaux.

Ìdáhùn mi fún un nìyí, lẹ́yìn tí mo ti jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́ mi tó mọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí.

Ọmọ mi, pa wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n mọ ìgbà tí kálukú ń wọlé àti ìgbà tó ń jáde. Ohun tó bẹ́ ìgò rẹ ni ṣúgà tó kù nínú rẹ̀ nígbà tí o dé e pa. Ìwúkàrà àti bakitéríà jọ ń jẹ ẹ́, gáàsì kò sì ríbi gbà jáde. Kíkan tó wáyé nínú ìgò pípa kì í ṣe ẹ̀bi *Acetobacter* nìkan, torí afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Irú *Leuconostoc* lè fi ṣúgà ṣe kíkan àti gáàsì láìsí afẹ́fẹ́. Ìyá Àgbà kò rọ tirẹ̀ sínú ìgò rí. Ó pọn ọ́n fún ọjọ́ ayẹyẹ, wọ́n mu ún tán lọ́jọ́ ayẹyẹ. O mú kòkòrò rẹ̀, o kò mú kàlẹ́ńdà rẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀nà méjì ló wà. Bí o bá fẹ́ ìgò tó lè pẹ́, jẹ́ kí ìwúkàrà jẹ ṣúgà náà tán pátápátá kí o tó rọ ọ́, tàbí kí o fi omi gbígbóná yá a, kí o sì gbà pé nǹkan kan á lọ nínú adùn rẹ̀. Bí o bá fẹ́ adùn Ìyá Àgbà, tà á ní tútù, bí ẹlẹ́mu ṣe ń tà, má dé e pa, kí gbogbo rẹ̀ tán kí ilẹ̀ tó mọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo tún gbọ́ pé ọsàn lo fẹ́ fi ṣe èyí tó kàn. Lo ìwúkàrà nìkan fún un. Kíkan inú ọsàn yàtọ̀ sí ti ápù. Bí *Oenococcus* bá dé ibẹ̀, ó lè sọ ọ́ di ohun tó ń rùn bíi bọ́tà, kó sì fi ọtí kíkan díẹ̀ kún un. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò kan tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà bakitéríà á wá fúnra wọn bí o kò tilẹ̀ pè wọ́n. Èso kọ̀ọ̀kan ló ní àwọn àlejò tirẹ̀.

Ohun kan ló kù tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ìwúkàrà tí Hansen yọ ní 1883, àwọn àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ káàkiri ayé, ó ní orúkọ, ó ní ìwé. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Ìyá Àgbà ńkọ́? Nígbà tí ó papò dà, àwọn ọmọ fọ ìkòkò rẹ̀ mọ́, wọ́n fi gbin òdòdó sí iwájú ilé. Ìran àwọn kòkòrò tó ti ń bá obìnrin yẹn àti ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́ bọ̀ láti ọdún pípẹ́ parun lọ́jọ́ kan ṣoṣo, pẹ̀lú ọṣẹ àti kànrìnkàn, kò sì sẹ́ni tó ṣọ̀fọ̀ wọn.

Ẹ̀yin tí ìyá yín tàbí ìyá àgbà yín ṣì ń pọn àgàdàgídì, ẹ̀yin tí bàbá yín ṣì ń gun ọ̀pẹ, ẹ má tíì fọ ìkòkò yẹn. Ẹ bu díẹ̀ nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò tó mọ́, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín àti abúlé rẹ̀ sí i lára, ẹ gbé e tọ àwọn olùkọ́ lọ ní ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí ní yunifásítì tó bá sún mọ́ yín. Ẹ ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú yìnyín. Kí ẹ sì jókòó ti arúgbó náà, kí ẹ bi í ní ọjọ́ mélòó, irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wo, ewé wo ló fi ń bò ó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kòkòrò láìsí kàlẹ́ńdà, ẹ ti rí ohun tó fi ìgò mọ́kànlá ṣe.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ní òun ṣì rántí ilé ìyá àgbà kejì kan ní ọ̀nà Ìfẹ́wàrà, tí ìkòkò rẹ̀ kò tíì gbẹ. Mo ní kó lọ kí i láàárọ̀ ọ̀la, kó mú obì dání, kó má sì mú ọṣẹ lọ.